Ìdì Aṣọ Tó Wà Nínú Yàrá Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko ní Agbègbè Àkúrẹ́

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àmọ́ àkísà àgbà ti ń lé onílé kúrò ní yàrá báyìí. Aṣọ ẹbí ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ìkómọjáde: a wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ká a, a tì í sínú àpótí, ó parí. Àwọn tó ń bi wá léèrè nípa òwò bọ́síkọ̀rọ̀, ìyẹn aṣọ àlòkù, máa ń fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti lè rí ìdì rà. Ìdì àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ tú wà nínú yàrá yín. Ẹ ti sanwó rẹ̀ tán.

Títú àpótí

Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, oòrùn Àkúrẹ́ gbẹ, afẹ́fẹ́ náà gbẹ. Ẹ má ṣe é láàárín òjò, nígbà tí aṣọ á gbẹ lójú tí ojú rírán rẹ̀ á ṣì tutù. Aṣọ tí a bá ká pamọ́ bẹ́ẹ̀ yóò bu.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, kí ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti ọyẹ́ èṣí, tí kò sì ní ìdí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún títà tàbí fún ọrẹ. Aṣọ òkè ni kí ẹ má kánjú tà. Mo ṣí àpótí ìyá mi nígbà kan, ẹtù tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo nà án síta, ó sì ya ní gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti ká a, bí ìwé tó gbó. Eku kò dé ibẹ̀, kòkòrò kò kàn án. Kíká kan náà tó wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún ló pa á. Lọ́dọọdún, ẹ tú tiyín, ẹ fún un ní atẹ́gùn, kí ẹ sì ká a gba ibòmíràn.

Káńfọ̀ àti aṣọ ọmọ

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká wa lára jù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ju káńfọ̀, kóró funfun olóòórùn yẹn, sínú aṣọ ọmọ. Èròjà inú rẹ̀ máa ń gba awọ ara àti imú wọ inú ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD tó, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwọn ọkùnrin. Bí káńfọ̀ bá kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, funfun ojú rẹ̀ á pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Ibà pọ́njú yìí lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pa ọmọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú lásán mọ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, káńfọ̀ kò gbọdọ̀ dé ibi aṣọ ọmọ. Èyí tí ẹ rà tàbí tí wọ́n fún yín tó ń rùn káńfọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun. Bí ojú ọmọ bá ti pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe oòrùn àárọ̀.

Aṣọ tó gbẹ dáadáa, tí a di sínú ọ̀rá, tí a sì ń sá lọ́dọọdún, kò nílò káńfọ̀.

Aṣọ oko

Aṣọ tí a fi ń fín kòkó kì í ṣe ọjà, kì í ṣe ọrẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí pọ́ǹpù ti ń jò sí i: àbàwọ́n bí aró bí ewé. Oògùn ni. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, nínú báfù tirẹ̀, jìnnà sí odò. Bí ó bá gbó, ẹ má fi nu ìkòkò, ẹ má fi ṣe ìtẹ́lẹ̀ ọmọ. Ẹ ya á kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á wọ̀.

Títà

Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ rán bọ́tìnì tó já. Aṣọ ọmọdé máa ń yá kí ilé ìwé tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò máa ń yá nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì FUTA bá padà dé. Bí orí WhatsApp ni, ìta gbangba ni kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn àyà, ìbàdí àti gígùn, torí nọ́ńbà ara aṣọ kò ṣeé gbára lé: aṣọ obìnrin tí ìlú Ọba ń pè ní 12, nǹkan bí 8 ni Amẹ́ríkà ń pè é. Ẹ fi àbàwọ́n hàn nínú fọ́tò. Ẹ má sì gbé aṣọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí álẹ́ẹ̀tì tó fi hàn yín. Ẹ kọ́kọ́ wo inú àkáǹtì yín fúnra yín.

Ríra

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nídìí bọ́síkọ̀rọ̀, ní Ọjà Ọba ni tàbí ní Ìsìnkàn, ẹ na aṣọ náà sójú oòrùn. Ihò tín-ín-tìn-ìn á yọ bí ìràwọ̀. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ fọwọ́ kan abíyá. Bí ó bá le, tó sì pọ́n, òógùn ti jẹ òwú náà, kò sí ọṣẹ tó lè dá a padà. Ẹ fa ojú rírán èjìká díẹ̀díẹ̀, ẹ fa síìpù lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Pátá àti bùrèsíà, ẹ má rà á rárá.

Kó má dé orí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná máa ń pa kòkòrò kúrúnà àti iná aṣọ. Èyí tí kò lè gba omi gbígbóná, ẹ di sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ tinú tòde, torí eṣinṣin kan wà tó ń yé sára aṣọ tútù tí a sá síta. Ìdin rẹ̀ á wọ awọ ara, á wú bí eéwo.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìdì

Ẹ mọ̀ pé aṣọ àlòkù wà lára ẹrù tí òfin kà léèwọ̀ láti kó wọ Nàìjíríà, kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gba ìdì lójú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìdì kílò 55 ló wọ́pọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn tú u wò kó tó sanwó. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò: kí ẹ tó gbé owó àjọ fún ẹni tó ní òun á bá yín gbé ìdì wá láti Èkó, ẹ lọ wo ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ń tà. Èyí tó sàn fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó ṣa aṣọ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti tú ìdì. Bí ẹ bá sì rà á lódindi, ẹ ka aṣọ inú rẹ̀, ẹ yọ àkísà kúrò kí ẹ tó dá iye lé èyíkéyìí. Ká ní 100 ni, tí 30 jẹ́ àkísà: 70 ni kí ẹ fi pín owó ìdì àti owó ọkọ̀.