Jíìpù Àgbà Tí Kò Fà Mọ́: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Sá Lọ

Ẹni tó bá ti tẹ̀lé lọ́rì gẹdú láti Ìjẹ̀bú-Igbó rí mọ bó ṣe ń rí: ẹ tẹ tọ́tù wọlẹ̀, ẹ́ńjìnnì pariwo, jíìpù kò sì kúrò lójú kan. Kí ẹ tó ra ohunkóhun tí wọ́n ní yóò fi agbára kún un, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó ti sọnù. Ẹ́ńjìnnì 1MZ-FE, V6 (onísílíńdà mẹ́fà) lítà 3.0, ló wà nínú Lexus RX300 àti Highlander V6 ọdún 2001 sí 2003. Agbára ẹṣin 220 ni wọ́n gbé jáde nílé iṣẹ́, ìyẹn sì tó o. Òun la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Bí tiyín bá jẹ́ òmíràn, ọ̀nà kan náà ni, òǹkà ló máa yàtọ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ jáde láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọ̀nà bá dá, ẹ wá ibi tó tẹ́jú tó sì gún lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹnìkan jókòó ti awakọ̀ kó mú aago fóònù dání. Ẹ tẹ tọ́tù wọlẹ̀ láti 60 dé 100 kìlómítà ní wákàtí, kó ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní àlọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní àbọ̀, torí atẹ́gùn àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ojú kò rí lè tan yín jẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n á máa sọ pé ó jọ pé ó ti ń fà díẹ̀, kìkì nítorí pé owó ti jáde lápò rẹ̀.

Ohun kejì ni skánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa Bluetooth. Ẹ ti skánà náà bọ ihò OBD2 (ihò àyẹ̀wò ọkọ̀) lábẹ́ sítíárì, kí ẹ wo Long Term Fuel Trim, ìyẹn iye tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Bó bá ju +10% lọ, kọ̀ǹpútà ń bu epo kún epo. Bó bá ga nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó wá rọlẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé lára rọ́bà kan tàbí gáskẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣe pé bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́tù ló ń ga sí i, sẹ́ńsọ̀ MAF, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ló dọ̀tí tàbí kó jẹ́ pé pọ́ńpù epo ti ń rẹ̀. Ti pọ́ńpù, gééjì ló ń sọ òótọ́: 44 sí 50 psi (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń ti nǹkan). Àwọn tó ń fi epo díẹ̀ rìn títí iná pupa á fi tàn ló ń pa pọ́ńpù ara wọn, nítorí epo inú táǹkì ló ń mú un tutù.

Ẹ ṣí ilé fíltà afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ìka nu inú páìpù tó wà *lẹ́yìn* fíltà. Bí eruku pupa bá lẹ̀ mọ́ ìka, fíltà kò jókòó dáadáa tàbí kó jẹ́ ayédèrú, eruku sì ti ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Sìkúrúù méjì ló di MAF mú. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ́n ọṣẹ MAF sí i bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun: ẹ má fi aṣọ kàn án, ẹ má fọ́n ọṣẹ kábúrétọ̀ sí i, ẹ má sì gbé e lọ bá fọganáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí AC wà ní pípa, gíráàmù 3 sí 5 ní ìṣẹ́jú àáyá ló yẹ kó kà nígbà tí ọkọ̀ dúró.

Fíltà onírísí kóòmù tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà kò wúlò níbí. Ariwo rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná ló ti ń fa afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n 10°C tí afẹ́fẹ́ bá fi gbóná sí i ń kó bíi 3% nínú ọ́síjìn rẹ̀ lọ. Páìpù ilé iṣẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti ẹ̀gbẹ́ iná iwájú dára jù ú lọ. Bí ti yín bá ti sọnù, ẹ wá tòkunbọ̀ rẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì ni ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ onímọ́tò jẹ jù. Ìbú ni V6 yìí dùbúlẹ̀ sí: sílíńdà 2, 4 àti 6 wà lọ́dọ̀ rédíétọ̀, 1, 3 àti 5 wà lẹ́yìn, lábẹ́ mànífóòdù, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà. Ti iwájú kì í gba àsìkò. Láti ṣe ti ẹ̀yìn dáadáa, àfi kí wọ́n tú mànífóòdù òkè, nítorí náà àwọn kan á pààrọ̀ mẹ́ta, wọ́n á gba owó mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n kó àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé yín lọ́wọ́, kí ẹ kà wọ́n.

Denso SK20R11 bá a mu, 11 tó wà ní ìparí orúkọ náà sì ni àlàfo rẹ̀, mìlímítà 1.1. Góńgó iridium gidi kò tó mìlímítà kan. Bí ẹ bá rí i tó ki pọ́pọ́ bíi ti ọ̀kadà, ayédèrú ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fẹ́ ìdọ̀tí inú ihò kúrò kí ẹ tó tú u. Ẹ fi ọwọ́ yí tuntun wọlé títí yóò fi jókòó, kí ẹ wá fún un ní 18 Nm (òṣùwọ̀n ipá tí a fi ń yí nǹkan). Bí ẹ bá fipá yí i nígbà tó gbóná, tírẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù á bá a jáde. Ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu mànífóòdù tó ṣí sílẹ̀, torí nọ́ọ̀tì kan tó bá já sínú ibẹ̀ lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dà á padà. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń mísì (tí epo kò jóná dáadáa nínú sílíńdà kan), tí skánà sì kọ P0303, kóòdù tó ń sọ pé sílíńdà 3 ni, ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà 3 sí ti 5, kí ẹ gbé ti 5 sí ti 3. Bí kóòdù bá di P0305, kọ́ìlì ló bàjẹ́, ẹ má ra mẹ́fà.

Kí ẹ tó dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ wọn kọ̀ǹpíréṣàn, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. 218 psi ni iye ilé iṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, 145 ni ìsàlẹ̀ tó gbà, ìyàtọ̀ àárín sílíńdà kò sì gbọdọ̀ ju 15 lọ. Bí ọ̀kan bá lọlẹ̀, ẹ bu ṣíbí kékeré ọ́ìlì kan sí i, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìngì ló jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni. Bó bá ti di ti bẹ́ẹ̀, ẹ dá owó yòókù dúró.

Ọ́ìlì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lítà 4.7 pẹ̀lú fíltà, 5W-30. Ọ́ìlì ló ń ti VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, nítorí náà 20W-50 tó ki, tàbí ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀, a máa jẹ́ kó pẹ́ dáhùn. Ẹ́ńjìnnì yìí gan-an wà lára àwọn tí Toyota gbà pé ọ́ìlì ń di ẹrẹ̀ nínú wọn, ti ọdún 1997 sí 2002.

Bí ọkọ̀ bá ń fà níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń kú bí ìyípo ṣe ń ga, ẹ fura sí sálẹ́ńsà. Ẹ so gééjì fákúùmù, tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, mọ́ mànífóòdù: 17 sí 21 ínǹṣì nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ẹ dì í mú ní 2,500 fún ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ń rọra rọlẹ̀, kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín lójú páìpù sálẹ́ńsà, ti dí. Epo tí kò jóná nígbà tí ọkọ̀ ń mísì ló máa ń yọ́ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ tún mísì ṣe kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Àwọn tó ń rìn kiri tí wọ́n ní kí ẹ gé e tà fún àwọn, platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe agbára ọkọ̀ yín.

Ti jíà kúrú: ọ́ìlì jíà Toyota T-IV nìkan. Ẹ dà á jáde láti ìsàlẹ̀, kí ẹ wọn iye tó jáde, ẹ dá iye kan náà padà. Bó bá ń rùn bí ohun tó jóná, kò sí púlọ́ọ̀gì tó lè wò ó sàn.

Táyà 225/70R16 ni ti ilé iṣẹ́. Èyí tó bá tóbi jù ú lọ ń jẹ agbára níbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé jáàkì sí i, ẹ fi jíà sí N, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le, píìnì kálípà (irin tí apá búrèkì ń rìn lórí rẹ̀) ló ti dì pa, ẹ sì ti ń tẹ búrèkì àti tọ́tù pọ̀ láti ọjọ́ yìí láìmọ̀.