Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ọlidé Etíkun láti Òṣogbo Dé Ouidah

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo bí wọ́n ṣe ń múra ọlidé etíkun, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, aṣọ tí wọ́n máa fi ya fọ́tò á tẹ̀lé e, ìwé ìrìnnà á wá gbẹ̀yìn pátápátá. Ohun tó ń da ìrìn náà rú nìyẹn. Mo mọ ìdílé tó ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tán ní Grand-Popo, bọ́dà ni wọ́n dé tí wọ́n fi ṣẹ́rí padà, nítorí orúkọ ọmọ kan ṣoṣo. Nítorí náà, orí ìwé àti bọ́dà ni mo máa pẹ́ sí jù. Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù.

Ìrìn ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn: ẹ kúrò l'Óṣogbo, ẹ sùn ní Àgbádárìgì, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin, kí ẹ wá najú ní Ouidah tàbí Grand-Popo. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọjá bọ́dà lè dúró sí Àgbádárìgì, kí ó fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìwé, kí ó ka ti òkun nísàlẹ̀.

Ìgbà tó dáa

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń wà létíkun náà. Òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Keje, òjò kékeré á tún dé ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Òjò máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ sì wà nílé, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ìgbì òkun máa ń ga nígbà yẹn, àwa tí a sì ń gbé Òṣogbo mọ̀ pé ọdún Ọ̀ṣun ló ni oṣù Kẹjọ: ta ni yóò gba àlejò bí ẹ bá ti lọ?

Oṣù Kejì ni kí ẹ lọ, ọjọ́ Tuesday ni kí ẹ sì gbéra. Hòtẹ́ẹ̀lì kì í kún, ọyẹ́ á ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀nà Èkó á sì dẹ̀. Ẹ má gbéra lọ́jọ́ Friday àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ìsìn máa ń dí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ní Redemption, ọgbà ìjọ Ridíìmù. Àwọn ọjọ́ tó yí ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ká ni ọdún Vodun ní Benin, ọlidé ìjọba wà fún un lọ́dọ̀ wọn, Ouidah sì máa ń kún dẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ wòran ọdún náà, kí ó ti gba yàrá sílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Oorun ni ẹ bá ń wá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán.

Ìwé, ìwé, ìwé

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí páásípọ̀ọ̀tù. NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Kò sí NIN, kò sí páásípọ̀ọ̀tù Nàìjíríà, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN sì ni kọ̀ǹpútà àwọn Ìmígíréṣọ̀n máa bá ṣiṣẹ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ tẹ́ ìwé NIN gbogbo ẹni tó ń lọ sórí tábìlì, kí ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa kà á lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Ṣé “Oluwaseun” ni wọ́n kọ síbí tí wọ́n kọ “Seun” sọ́hùn-ún? Ṣé ọmọ tí ẹ bí ní 4/7 kò ti di ọmọ 7/4? Ẹ̀yin abilékọ, ṣé orúkọ bàbá yín ló ṣì wà lórí NIN, nígbà tí gbogbo ìwé yòókù ti di orúkọ ọkọ?

Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ni kí ẹ gbà lọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan lórí páásípọ̀ọ̀tù. Mo bẹ̀ yín ni o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á ní “ẹ jẹ́ ká ṣáà máa lọ, a máa tún un ṣe tó bá yá,” wọ́n á sanwó, ìwé méjèèjì ò ní bára mu, owó á há, ọjọ́ á máa lọ. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló sì nira jù nínú gbogbo rẹ̀. Òun ló ń gba owó jù, òun ló ń pẹ́ jù. Ẹ má fi í sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Bí ìyẹn bá ti tò, páásípọ̀ọ̀tù kò le. Ẹ fúnra yín wọ ojúlé Ìmígíréṣọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sanwó níbẹ̀, kí ẹ mú ọjọ́ tí ẹ máa lọ ya fọ́tò kí ẹ sì tẹ̀ka ní ọ́fíìsì wọn l'Óṣogbo. Ẹ ò nílò bọ̀ọ̀dá kankan tó dúró lẹ́nu géètì tó ní òun lè bá yín ṣe é kíákíá. Ọmọdé náà nílò tirẹ̀, ti ọdún márùn-ún ni wọ́n sì máa ń ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tí owó páásípọ̀ọ̀tù bá wọ̀ lọ́rùn lè béèrè ìwé ìrìnnà ECOWAS lọ́dọ̀ àwọn Ìmígíréṣọ̀n kan náà. Kò ju àárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ, ṣùgbọ́n ìrìn wa yìí náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò gba ẹni tí yóò bá mi lọ láìní páásípọ̀ọ̀tù, ó ń dín àlàyé kù.

Ẹ̀kejì ni yẹ́lò káàdì, ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà ni ìwé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ẹni tó bá lọ gbà á lọ́la kí ó tó gbéra lọ́tùn-únla kàn gba ìrora lásán ni. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó ènìyàn títí ayé, kì í ṣe ọdún mẹ́wàá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àwọn Port Health, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba tó ń bójú tó ẹnubodè, ni kí ẹ ti gba káàdì náà, èyí tó ní àmì tí fóònù lè kà. Àwọn kan ń tà á ní gáréèjì láìsí abẹ́rẹ́. Bébà lẹ rà yẹn, ẹ̀fọn ò sì mọ̀wé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń rántí: lẹ́tà àṣẹ ọmọ. Bí ọmọ kò bá bá bàbá àti ìyá rẹ̀ méjèèjì lọ, ẹni tó dúró sílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun mọ̀ sí ìrìn náà, kí ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kí ẹ fi fọtokópì ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ há a. Bó bá jẹ́ àǹtí ló ń kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kí òbí méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lọ búra sí i ní kóòtù. Àwọn tó ń kó ọmọ tà máa ń gba ọ̀nà yẹn, ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́dà fi ń yẹ ọmọdé wò fínnífínní. Ẹ má bínú sí wọn.

Gbogbo ìwé, ẹ ṣe fọtokópì méjì méjì. Èyí tó jẹ́ ojúlówó á wà nínú ọ̀rá ìwé onísíìpù tí àwọn ọmọléèwé ń lò, ẹ so ó mọ́ra. Àpò ìrìnnà tó wọ́n kò pọn dandan.

Owó

Sẹfà ni wọ́n ń ná ní Benin. Ó so mọ́ owó Euro (Euro 1 jẹ́ sẹfà 655.957, kì í yẹ̀), ṣùgbọ́n náírà tiwa ni í máa lọ sókè sódò sí i. Èmi kì í dúró di ọjọ́ ìrìn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa rà á láti oṣù méjì ṣáájú. Ẹ rí i dájú pé owó wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ọlọ́kadà Kútọnu, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò, kì í sábà ní ṣéńjì fún sẹfà 10,000. Ẹ dá iye lé e kí ẹ tó gùn ún.

Ọ̀nà

Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì Èkó tààrà l'Óṣogbo. Èmi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wọ mọ́tò Ìbàdàn ní ìdájí, lọ sí Mọ́níyà, kí n wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń ná Ìbàdàn sí Èkó láti ọdún 2021. Ẹ wo aago tó ń gbéra kí ẹ tó kúrò nílé, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ máa bọ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ National Theatre ní Ìgànmú, níbi tí ẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line lọ sí Mile 2. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Láti Mile 2, mọ́tò Àgbádárìgì pọ̀ bí ìlá.

Ẹ sùn ní Àgbádárìgì, ẹ má jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo ti Òṣogbo dé Ouidah, alẹ́ ló máa bá a ní bọ́dà. Ilẹ̀ ò sì ní tíì ṣú kí ẹ tó wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n parí ní 1845, kí ẹ sì wọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹrẹfù, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun.

Ní Sẹ̀mẹ̀

Ẹ gbọ́ ìròyìn ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ. Ìjọba Nàìjíríà ti bọ́dà ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, kò sì sẹ́ni tó fún àwọn arìnrìn-àjò láàyè láti múra.

Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ ti wà níbẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti ṣí ọgbà ńlá tí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ wà, iṣẹ́ yín níbẹ̀ kò sì ju méjì lọ: kí Nàìjíríà tẹ òǹtẹ̀ ìjáde sí ìwé yín, kí Benin tẹ ti ìwọlé sí i. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀. Dírẹ́bà á ní kí ẹ kó páásípọ̀ọ̀tù fún òun, òun á bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé “Bàbá, ẹ ṣé, ẹ jẹ́ kí n lọ fúnra mi.” Ọmọ kan tó gun ọ̀kadà á tún ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí kò gba ìwé. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ti di ẹni tí kò ní òǹtẹ̀, kò sì ní ohun tó máa fi hàn lọ́jọ́ tó bá ń padà, bí wọ́n bá sì dá a dúró lójú ọ̀nà, ẹjọ́ rẹ̀ ò ní gún. Owó tó rò pé òun fi pa mọ́ á jáde ní ìlọ́po.

Ẹ ò nílò físà. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè dúró fún 90 ọjọ́, òǹtẹ̀ yẹn ló ń sọ ọjọ́ tí ẹ wọlé. Ẹ wo déètì orí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì, mo ti rí oṣù tí kò bá ojú ọ̀run mu. Bí ẹnìkan nínú àwọn tó ń sáré tẹ̀ lé èrò bá ní páásípọ̀ọ̀tù tuntun gbọ́dọ̀ san nǹkan, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ máa lọ síbi tábìlì. Ẹ má ya fọ́tò kankan nínú ọgbà náà; tí ẹ bá dé Kútọnu, ẹ ya fọ́tò òǹtẹ̀ yín pamọ́ sínú fóònù.

Lórí òkun

Láti Kútọnu sí Ouidah kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ. Tẹ́ńpìlì erè, ọ̀nà àwọn ẹrú tó já sí òkun, ẹnubodè àìpadà tó wà létí omi: ẹ lè fi ọjọ́ kan rìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ rí abúlé orí omi, Ganvié, kí ó lọ wọkọ̀ ojú omi ní Abomey-Calavi. Fún ìsinmi gan-an, Grand-Popo ló dákẹ́ jù. Oúnjẹ ò ní ṣòro, ẹ̀kọ wọn tí wọ́n ń pè ní akassa pẹ̀lú ẹja díndín ti tó. Yorùbá pọ̀ ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ kọ́kọ́ kí ìyá ọlọ́jà kí ẹ tó béèrè iye ọjà, ẹ lè bá a pé èdè yín ló máa fi dá yín lóhùn.

Àmọ́ ẹ má wẹ̀ nínú òkun yẹn. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó mọ odò lúwẹ̀ẹ́ ló máa ń kó sí i jù, torí ó rò pé omi ni gbogbo rẹ̀. Bí ìgbì bá ti fọ́ létíkun tán, omi náà gbọ́dọ̀ padà, ojú kan ló sì máa ń gbà fa ènìyàn lọ sínú ibú. Bó bá fà yín, ẹ má bá a du ọ̀nà ilẹ̀, agbára yín á tán. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí fífà náà á fi dẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀. Ọ̀sà ni kí àwọn ọmọ ti wẹ̀, ní Grand-Popo ọ̀sà wà lẹ́yìn ìlú. Àní odò Ọ̀ṣun wa, inú ọ̀sà ló ń ṣàn sí.

Fún aṣọ tútù, àpò ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń di pure water dáa ju báàgì bíìṣì lọ. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀

Òǹtẹ̀ méjì náà lẹ tún máa gbà, ti Benin kọ́kọ́, ti Nàìjíríà tẹ̀lé e. Àwọn aṣọ́bodè pọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, nítorí náà ẹ má ra ìrẹsì, ẹ má ra tọ́kí dídì, ẹ má ra òkìrìkà, bó ti wù kó pọ́n tó lójú. Òfin kò gbà wọ́n láti orí bọ́dà ilẹ̀. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù tí ẹ ò tíì dé Mile 2, ẹ wá ibi sùn l'Ékòó. Mọ́tò Òṣogbo á wà ní gáréèjì láàárọ̀.