Bí a ṣe ń yan makhana, ìpápánu àwọn ará Íńdíà, nínú ilé

Bí ẹ bá fẹ́ kí makhana gbẹ táútáú lẹ́nu, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ níbí ní Delhi ló ti rà á, tí wọ́n gbé e ka iná ńlá bí ẹni ń yan gúgúrú. Ara rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ eyín, wọ́n á wá ní kò dùn. Ó dùn o. Iná ni kò jẹ́ kí ó dùn.

Makhana kì í ṣe ọkà, kì í sì í ṣe ẹ̀pà. Irúgbìn ewéko orí omi kan ni, mọ̀lẹ́bí òṣíbàtà tiwa tí a fi ń ṣàdúrà pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ewé rẹ̀ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ lójú adágún, òmíràn fẹ̀ ju mítà 1 lọ, ẹ̀gún sì bò ó. Ìpínlẹ̀ Bihar ni èyí tó pọ̀ jù lọ ti ń wá, láti Darbhanga àti Madhubani ní ilẹ̀ Mithila títí dé Purnia àti Katihar. Ọmọ Darbhanga ni ìyá onílé mi, tí gbogbo wa ń pè ní Aunty-ji. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, nínú ilé ìdáná wọn tó wà nísàlẹ̀ yàrá mi.

Kí a tó dé ìdí agbada, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń di ohun funfun tí ẹ ń rà nínú ọ̀rá, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fi ṣòfò. Bí èso rẹ̀ bá gbó, á bẹ́, irúgbìn á sì rì sí ìsàlẹ̀ adágún. Àwọn Mallah, tí wọ́n jẹ́ apẹja àti atukọ̀ láti ìran dé ìran, ló ń wọ omi lọ kó o láti inú ẹrẹ̀, láàárín ẹ̀gún. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á ṣà á ní ńlá àti kékeré, wọ́n á sì yan án nínú agbada irin. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3 kí wọ́n tó tún un yan. Ìyíyan kejì yìí ni iṣẹ́ gan-an: bó ti ń gbóná lọ́wọ́ ni wọ́n á máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sórí pákó, wọ́n á fi òòlù igi lù ú, èèpo dúdú á fọ́, ohun funfun á bẹ́ jáde. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń ṣe é títí dòní. Ní 2022 ìjọba Íńdíà fi òǹtẹ̀ lu orúkọ Mithila Makhana pé ti agbègbè náà ni, nínú ètò ìnáwó 2025 wọ́n sì kéde pé àwọn yóò dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún makhana ní Bihar. Nígbà tí Aunty-ji gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tí wọ́n sọ ni pé kí owó náà sáà dé ọwọ́ ẹni tó ń wọ omi. Mo ṣe àmín sí i.

Khari Baoli, ọjà turari tó wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí Fatehpuri ní Old Delhi, ni mo ti ń rà á. Ẹni tó wà ní London, kí ó wá a lọ sí Southall tàbí Green Street. Èyí tó bá tóbi ló wọ́n jù, ṣùgbọ́n fún ìpápánu, alábọ́ọ́dé ti tó. Ẹ wá èyí tó funfun, tí àmì pupa tàbí dúdú ara rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ń dún bí ẹ bá mi ọ̀rá rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ dà á sórí àtẹ, kí ẹ ṣa àwọn tó kéré tó sì le bí òkúta kúrò, wọ́n lè fọ́ eyín. Ẹ fi ọ̀bẹ la mélòó kan sí méjì kí ẹ wo inú wọn. Bí ẹ bá rí kòkòrò nínú ọ̀kan, ẹ la gbogbo rẹ̀.

Ó ku agbada. Kí ìdí rẹ̀ nípọn, nítorí agbada fẹ́lẹ́ á jó o lápá kan, á sì fi apá kejì sílẹ̀ ní tútù. Ẹ da makhana 50 gíráàmù sí i. Yóò tó ife 3 tàbí 4, nítorí ó fúyẹ́ púpọ̀. Ẹ má tíì fi nǹkan kan sí i, ì báà ṣe òróró, ì báà ṣe iyọ̀. Ẹ tan iná tó kéré jù lọ tí sítóòfù yín ní, kí ẹ sì máa fi ṣíbí igi rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi iná kún un. Omi díẹ̀ tó wà nínú ikùn rẹ̀ ló ń jáde, kò sì ṣeé lé. Iná ńlá, ara nìkan ló ń mú. Ibí yìí ni Aunty-ji máa ń dúró tì mí sí, tí wọ́n á máa sọ pé, “Dheere, beta, dheere,” kí n máa ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Etí ni ẹ máa kọ́kọ́ fi mọ̀ pé ó ń jinná, torí ìró rẹ̀ lára agbada á yí padà, á máa dún gbígbẹ. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ó tutù díẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fọ́ wómúwómú, ó ti jinná. Bí ó bá kàn tẹ̀ wọnú tó tún padà síta, ó kù.

Ẹ dà á sínú abọ́, kí ẹ pa iná. Nínú agbada tó ṣì gbóná yẹn ni kí ẹ ti yọ́ ghee, ìyẹn bọ́tà tí a ti sè tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ, ṣíbí ìmutíì 2. Òróró ẹ̀pà náà dára. Turari ló kàn: ata ilẹ̀ pupa ìlàjì ṣíbí ìmutíì, ata dúdú lílọ̀ ìlàjì, iyọ̀ díẹ̀, àti ata gígún bí ẹ bá fẹ́. Ẹ rò wọ́n pọ̀ mọ́ ghee náà kí ẹ tó da makhana padà, kí ẹ wá gbọ̀n ọ́n dáadáa. Bí turari bá wọlé nígbà tí iná ṣì wà, ó máa jó, á sì korò. Bí ẹ bá sì wọ́n ọn lásán láìsí ghee, ìdí abọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa lọ jókòó sí. Ní ìgbà ààwẹ̀ Navratri, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ ìrẹsì àti àlìkámà, makhana wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ, sendha namak, iyọ̀ tí wọ́n ń wà nínú òkúta, ni wọ́n sì ń fi sí i. Ata dúdú àti iyọ̀ yẹn nìkan ni Aunty-ji ń lò nígbà náà. Lójú tèmi, òun ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Bí àlejò bá dé, ẹ sọ ọ́ di bhel, èyí tí àwọn ará Mumbai ń fi ìrẹsì yíyan ṣe létí òkun. Ẹ gé àlùbọ́sà, kùkúńbà àti tòmátò tí ẹ ti yọ omi inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi ẹ̀pà yíyan, ata tútù díẹ̀ àti omi àjàgbọn tí ẹ fi ṣúgà díẹ̀ pò sí i, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ìgbà tí àlejò bá ti jókòó tán ni kí ẹ tó da makhana mọ́ ọn, torí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti rọ̀.

Èyí tó ládùn, gur ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣúgà ìrèké pupa tí ẹ̀rọ kò tíì sọ di funfun. Fún 50 gíráàmù makhana yíyan, ẹ yọ́ gur 60 gíráàmù pẹ̀lú ṣíbí omi kan àti ghee díẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sínú omi tútù. Bí ó bá le tó sì ń dá kàú, ẹ yára da makhana àti yànmọ̀tí sí i, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo tí ẹ ti fi ghee pa, kí ẹ sì tú u ní ẹyọ-ẹyọ kó tó dì. Ṣúgà ni gur náà ń jẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé oògùn ni.

Lórí ọ̀rọ̀ ìlera, 100 gíráàmù makhana tí a kò fi nǹkan kan sí ní nǹkan bí 350 kálórì àti purotéènì bíi 9 gíráàmù, ọ̀rá inú rẹ̀ kò sì tó gíráàmù 1. Èyí tó kù, ṣítáàṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n: ẹ̀kúnwọ́ méjì tó. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó fi ata dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò iyọ̀. Ẹ má dín in nínú òróró púpọ̀, torí gbogbo òróró yẹn ló máa fà mu, àǹfààní rẹ̀ á sì lọ.

Kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Lásìkò òjò, bó bá tilẹ̀ rọ̀, yíyan ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 láìfi ghee kún un á dá a padà. Ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì pé, ẹ rún un sínú wàrà fún un, ẹ má fún un ní odidi.