Kí ẹ tó rajà, ẹ yẹ kóòdù wọn wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ní Làgéré ní Ilé-Ifẹ̀ lánàá, àwọn kan tó ń polówó blockchain wọn, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ìdúnàádúrà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, fún wa ní fìlà àti mítípáì, wọ́n ní ó ń ṣe ìdúnàádúrà 100,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítípáì náà dùn o! Mo wá béèrè pé kọ̀ǹpútà mélòó ló ń ṣiṣẹ́ yìí, ta ló sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó wà lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo lè sáré bó ṣe wù wọ́n, ta ni wọ́n fẹ́ dúró dè? Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti ọdún 2009, nǹkan bíi 7 péré ló ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń yẹ ìwé àkọsílẹ̀ kan náà wò. Solana, blockchain mìíràn, yára jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ ó dákú fún bíi wákàtí 5 lóṣù kejì ọdún 2024.

Bí wọ́n bá pè yín, ẹ wọ ojú ìwé wọn lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, kí ẹ wo ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan kóòdù kẹ́yìn. Ti àwọn ará àná, àwòrán àmì wọn nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fìlà, kó wá gbà á ní Mayfair.