Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí Àgbébọ̀ 22 Tó Gbà Láti Yé Sínú Àpótí

₦38,000 ni mo san fún káfíńtà pé kó bá mi kan àpótí tí àwọn adìẹ mi á máa yé sí. Abẹ́ àpótí ọ̀hún ni wọ́n wá ń yé sí. Abẹ́ ni mo wí o, lórí ilẹ̀, tí ẹyin á máa yí nínú ìgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń dojú bolẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń fi ìdí ìgbálẹ̀ wọ́ ẹyin síta.

Aránṣọ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Sábó. Òròmọdìẹ 25 ni mo rà, 22 ló kù. Bí mo ṣe tọ́ wọn dàgbà, ti iná alẹ́, ti oògùn, ti fíìdì tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti sìn ín rí mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 18, ogbe orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé èyíkéyìí lẹ́yìn, á lóṣòó, á la apá díẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà. Bí ẹ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹyin ti dé tán. Ìgbà yẹn ni mo tó sáré lọ bá káfíńtà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Ó yẹ kí àpótí ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 16, kí wọ́n ti máa yọjú wò ó, kí wọ́n máa wọlé jáde kí ẹyin tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ káfíńtà. Mo kọ ìwọ̀n sórí ìwé fún un bí mo ṣe ń wọn oníbàárà: ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, kan lóòró, kó ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá 6, kí adìẹ bíi mẹ́rin máa pín ọ̀kan. Kí pákó ìńṣì 4 dí ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kí ohun tí mo bá tẹ́ síbẹ̀ má dà nù. Kí orí rẹ̀ dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má lè rí ibẹ̀ sùn. Ọkùnrin yìí gbé yàrá mẹ́ta wá, gbàgàdà bí ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Àǹtí, adìẹ ló máa wọ̀ ọ́ o, kì í ṣe àlejò." Bí èmi bá rán búláòsì bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, àgọ́ ọlọ́pàá ni a ti máa rí ara wa. Mo sì ti sanwó tán kí n tó rí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Adìẹ tó fẹ́ yé ń wá ibi tó ṣókùnkùn, tó há, tí ojú kò ti ní tó o. Àpótí yìí kọjú sí fèrèsé, oòrùn àárọ̀ ń wọ inú rẹ̀ tààrà. Abẹ́ rẹ̀ ló wá ṣókùnkùn. Ta ló wá gọ̀ nínú èmi àti adìẹ? Èérún pákó tí mo tẹ́ sínú rẹ̀ kò lo ọjọ́ kan tí wọ́n fi tàn án jáde. Wọ́n ṣáà sọ fún wa ní Ifẹ̀ níbí pé adìẹ oníka ẹsẹ̀ márùn-ún ló tan iyẹ̀pẹ̀ tí ilẹ̀ fi fẹ̀. Oníka mẹ́rin ni tèmi, síbẹ̀ bí wọ́n bá fún wọn láyè, wọ́n á tan ilẹ̀ náà dé Mọ̀dákẹ́kẹ́. Bó bá sì di alẹ́, orí àpótí ni wọ́n ń sùn, àwọn mìíràn nínú rẹ̀, nítorí pé ó ga ju igi tí mo dè fún wọn láti bà lé lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ ti kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyin kan fọ́ lábẹ́ ibẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò. Áà! Láti ọjọ́ náà ni méjì nínú wọn ti di ajẹyin. Mo fi búlọ́ọ̀kù dí abẹ́ àpótí, wọ́n kó lọ sẹ́yìn ike omi. Mo dí ẹ̀yìn ike omi, wọ́n lọ sí kọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Aṣáájú wọn ni ọ̀kan tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti re, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Lọ́yà nítorí àríyànjiyàn. Ibi tí Lọ́yà bá jókòó sí lónìí, ibẹ̀ ni mẹ́rin á wà lọ́la. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ká kúkú pa á jẹ. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan Lọ́yà á bá mi.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo gbé àpótí náà palẹ̀, mo tú u. Mo fi pákó pín yàrá mẹ́ta sí mẹ́fà, mo kan pákó ìńṣì 4 sí ẹnu wọn, mo yí wọn kẹ̀yìn sí fèrèsé, mo fi páànù gbígbó da orí wọn gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Igi tí wọ́n ń bà lé, mo gbé e ga ju àpótí lọ. Mo gé àkísà àǹkárá, mo là á láàárín, mo ta á bí kọ́tìnì sí ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wò ó! Ó rẹwà ju ìyẹ̀wù àwọn ẹlòmíràn lọ. Lálẹ́, mo ń fi pákó dí i kí wọ́n má sùn síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ṣí i.

Síbẹ̀, mẹ́jọ péré ló wọ̀ ọ́. Màmá kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ tó ń sin adìẹ ìbílẹ̀ nínú agbọ̀n ló fi mí rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń kó ẹyin tán lábẹ́ adìẹ? Fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ìyókù mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé." Ẹyin gidi kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ajẹyin, nítorí náà òkúta funfun róbótó ni mo ṣà, tó tóbi tó ẹyin, mo fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú yàrá. Àwọn ajẹyin ṣá a títí, ẹnu dùn wọ́n, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó ku Lọ́yà. Mo gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀ ní aago méje àárọ̀, mò ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká, tó ń na ọrùn wo kọ̀rọ̀, mo gbé e jẹ́jẹ́ sínú yàrá kẹta, mo fi pákó dí i. Ó bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo yọjú láti ojú ihò: ó ń yí po, ó ń fi ẹnu fa èérún pákó sábẹ́ àyà ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́, ó dìde ìdajì, ìdí rẹ̀ rọ̀, ẹyin bọ́ sílẹ̀. Ó ṣì tutù, ó ń dán, ìṣojú mi níbẹ̀ ni ara rẹ̀ ti gbẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ẹyin 18, 19 ni mò ń kó lójúmọ́ báyìí. Ọ̀kan ṣì ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ẹsẹ̀ ni mo sì ń gbé e, nítorí ẹyin tí adìẹ bá rí nílẹ̀ ń pe òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń wọ ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, torí àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yé. Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni pé nínú yàrá mẹ́fà, yàrá kẹta, ti Lọ́yà, ni gbogbo wọn ń dù. Mẹ́rin á tò síwájú rẹ̀, wọ́n á máa pariwo, àwọn yàrá yòókù á ṣófo.

Káfíńtà yẹn gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Àǹtí, ṣé àwọn adìẹ ti ń yé?" Mo ta kíréètì kan fún un. N kò dín kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀.