Bí a ṣe ń fún mysql àti psql ní páswọ́ọ̀dù láìjẹ́ kó tú síta

mysql àti psql ni àṣẹ tí a fi ń wọ database MySQL àti PostgreSQL láti orí terminal. Ẹni tó bá tẹ `mysql -u bola -pAsiri123` ti kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú `~/.bash_history`, fáìlì history tí àwọn àṣẹ tí a bá tẹ̀ ń wọ̀. Ẹlòmíì tó ní àkáǹtì lórí sáfà náà tún lè fi `ps aux`, àṣẹ tó ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ hàn, rí i. Òótọ́ ni pé mysql máa ń sáré bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó bò ó, ó ti hàn ná. Bákan náà ni `postgresql://bola:Asiri123@localhost/itaja` tí àwọn kan ń fún psql.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ `-p` nìkan, kí mysql bi yín. Bí ẹ bá fi àlàfo sí i, `-p Asiri123`, orúkọ database ló máa ka Asiri123 sí.

Script tí cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àsìkò tí a dá fún un) ń ṣe lóru ló le jù, torí kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Fún psql, ẹ kọ páswọ́ọ̀dù sínú fáìlì `~/.pgpass`, tí ẹ̀yin nìkan lè kà, báyìí:

`touch ~/.pgpass`
`chmod 600 ~/.pgpass`
`nano ~/.pgpass`

Ẹ má fi `echo` kọ ọ́ o, history á tún gbà á sílẹ̀. Ìlà tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí (sáfà, port, database, orúkọ oníṣe, páswọ́ọ̀dù):

`localhost:5432:itaja:bola:Asiri123`

Bí `:` tàbí `\` bá wà nínú páswọ́ọ̀dù, ẹ fi `\` ṣáájú rẹ̀. Ẹ lè fi `*` dípò èyíkéyìí nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ tó bá mu ni psql ń lò, nítorí náà kí ìlà tó ní `*` wà nísàlẹ̀. Orúkọ sáfà tí ẹ fún `-h` gan-an ló ń wá: `127.0.0.1` kì í ṣe `localhost`. Bí ẹlòmíì bá lè ka fáìlì náà, psql á kìlọ̀, kò sì ní lò ó. Ẹ fi `-w` sínú script, kó lè kùnà lójú ẹsẹ̀ dípò kó máa dúró de ìdáhùn. Kí cron sì jẹ́ ti ẹni tó ni fáìlì náà. Ti root (àkáǹtì alábòójútó) á lọ wá a nínú home folder root.

Ní ti mysql, fáìlì `~/.my.cnf` ni ẹ máa kọ ọ́ sí:

`[client]`
`user=bola`
`password="Asiri#123"`

Láìsí àmì `"`, ohun tó bá tẹ̀lé `#` á já dànù. Ẹ ṣe `chmod 600` fún òun náà, torí mysql kò ní kìlọ̀ bí ẹlòmíì bá lè kà á.

Bí páswọ́ọ̀dù bá ti tú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀; pípa history rẹ́ kò tó. Nínú psql, ẹ lo `\password bola`. Àṣẹ SQL `ALTER USER` máa ń gbé páswọ́ọ̀dù tuntun náà sínú `~/.psql_history`, ó sì lè dé inú log sáfà.