Bí mo ṣe gba àṣẹ gbígbé áàpù sórí kọ̀ǹpútà kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́

Kọ̀ǹpútà 14 ni, Windows 11 Pro ló wà lórí wọn, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì wà nínú Administrators, ẹgbẹ́ àwọn tó ní àṣẹ alábòójútó lórí ẹ̀rọ. Ní tèmi, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé áàpù sórí ẹ̀rọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹni tó máa bá a gbé e gbọ́dọ̀ tètè dá a lóhùn.

Àkáǹtì alábòójútó ni mo kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Mo ṣí Terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, pẹ̀lú Run as administrator, mo tẹ net user alabojuto * /add, lẹ́yìn náà net localgroup Administrators alabojuto /add. Páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Mo fi àkáǹtì náà wọlé ná, torí ẹni tó bá yọ alábòójútó kan ṣoṣo tó kù kúrò ti ti ara rẹ̀ mọ́ ìta.

Ó wá kan òṣìṣẹ́ (akowe1 ni orúkọ àkáǹtì rẹ̀): mo tẹ net localgroup Users akowe1 /add láti fi í sínú ẹgbẹ́ àwọn tí kì í ṣe alábòójútó, kí n tó tẹ net localgroup Administrators akowe1 /delete. Ẹni tí kò bá sí nínú Users lè má rí orúkọ rẹ̀ mọ́ lójú ìwọlé. Kó jáde, kó tún wọlé. Títí dìgbà yẹn, agbára àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń dáwọ́ dúró, kò sì tíì tó. Zoom lè wọ inú AppData, fódà tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, láìbéèrè alábòójútó, Chrome náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì sì mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. AppLocker, ohun tó wà nínú Windows láti yan áàpù tó lè ṣí, ni mo fi dí i. Nínú secpol.msc, ojú ètò ààbò Windows, lábẹ́ Application Control Policies, mo tẹ Create Default Rules fún Executable, Windows Installer àti Packaged app. Ẹ má gbàgbé ẹ̀kẹta yẹn o: láìsí i, Calculator àti Photos kò ní ṣí mọ́. Òfin Executable gba ohun tó wà nínú C:\Windows láàyè, àmọ́ mo yọ C:\Windows\Temp àti Tasks kúrò nínú àyè yẹn, nítorí òṣìṣẹ́ lè kọ fáìlì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo tẹ sc.exe config appidsvc start= auto, kí ohun tó ń mú AppLocker ṣiṣẹ́ lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tàn. Tí ẹ bá tẹ sc lásán nínú PowerShell, iṣẹ́ mìíràn ni yóò ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi í sí Audit only, níbi tó ti ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìdí nǹkan kan. Nínú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, nọ́ńbà 8003 ń fi ohun tí ì bá ti dí hàn. Zoom inú AppData ni mo yọ, mo fi MSI rẹ̀, fáìlì tí alábòójútó fi ń gbé áàpù sórí ẹ̀rọ, gbé e sínú Program Files. Áàpù ìṣirò owó fẹ́ máa kọ fáìlì sínú fódà ara rẹ̀. Fódà dátà nìkan ni mo fún ní Modify, ìyẹn àṣẹ láti yí fáìlì padà, n kò fọwọ́ kan ibi tí fáìlì .exe áàpù náà wà. Ìgbà náà ni mo tó yí AppLocker sí Enforce rules, kó bẹ̀rẹ̀ sí í dí áàpù ní ti gidi.

Ìbéèrè tó bá dé kí aago 12 ọ̀sán tó lù, ọjọ́ yẹn ni mo ń parí rẹ̀. Bó bá pẹ́, fóònù ara wọn ni wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì.